Kíkun àpótí onígi fún ẹran afàyàfà kí omi má bàa bà á jẹ́

Ẹ̀yin ará wa, mo bẹ̀ yín, kí ẹni tó bá ń fi pákó kan àpótí fún òjòlá tàbí alángbá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ níbí má ṣe kánjú kó ẹran náà sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa kún fún ọ̀rinrin, omi tí a sì ń wọ́n sínú àpótí tún ń fi kún un. Etí pákó tí ayùn gé ló máa ń fa omi jù: etí ìsàlẹ̀ àpótí mi àkọ́kọ́ là bí ìwé tí òjò pa, nítorí pé n kò kun ibẹ̀.

Ẹ fi bébà oníyanrìn ha igi náà títí yóò fi dán, ẹ nu eruku rẹ̀, kí ẹ wá fi fánníìṣì polyurethane olómi, kì í ṣe elépo, kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ máa ha á fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìkùn kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílíkónì dí gbogbo oríkèé inú. Èyí tí wọ́n fi ń lẹ àpótí ẹja onígíláàsì ni kí ẹ rà, nítorí pé ti ilé ìwẹ̀ sábà máa ń ní oògùn tí ń pa ohun dúdú tó ń hù lára ògiri tútù. Ẹ má dí ihò atẹ́gùn o.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo máa ń dúró, ọ̀sẹ̀ méjì nígbà òjò. Ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ ki imú bọ̀ ọ́ láàárọ̀. Bí ẹ bá ṣì gbọ́ òórùn bíi ti ọtí kíkan, kò tíì yá.