Ọjọ́ mọ́kàndínlógún nítorí nọ́ńbà méjì: bí mo ṣe gba wáráǹtì fírísà mi

Páálí ẹja mẹ́rin ló yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lóru Sátidé kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Kótè méjì, títù kan, ṣáwà kan. Nígbà tí mo ṣí fírísà láàárọ̀, omi pupa ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, òórùn sì ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Fírísà tí mi ò tíì lò tó oṣù mẹ́jọ! Mo ṣa èyí tó ṣì ṣeé yan, mo yan án, mo tà á lówó tí kò tó nǹkan, síbẹ̀ ₦71,000 ló wọlẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ti gba kámú lórí ẹja yẹn. Ohun tí mi ò tíì gba kámú lé lórí ni ohun tí ojú mi rí kí wọ́n tó gbà pé ìwé wáráǹtì tó wà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ìwé lásán.

Ẹja tútù ni mo ń tà ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, nígbà tí wàhálà àìrówó gbà ní báńkì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀, mo lọ sí Dùgbẹ̀ láti ra fírísà onílítà 200. Èyí tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀, ₦245,000 ni wọ́n pè é. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ₦168,000. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, "Mọ́mì, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wáráǹtì ọdún kan wà fún ara rẹ̀, ti kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, jẹ́ ọdún márùn-ún." Ọdún márùn-ún yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo ní ẹni tó bá lè fọwọ́ sọ̀yà fún ọdún márùn-ún, a jẹ́ pé ọjà rẹ̀ dá a lójú. ₦77,000 tó sì kù sí mi lọ́wọ́, ó tó páálí kótè méjì nígbà náà. Mo fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù, wọ́n kọ rìsíìtì, wọ́n kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lẹ́yìn fírísà sínú káàdì wáráǹtì, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lu méjèèjì. Mo ká gbogbo rẹ̀ sínú báàgì mi, mi ò tilẹ̀ wò ó.

Bó ṣe dé ṣọ́ọ̀bù àti bí a ṣe tàn án, ẹni tó ti ra fírísà rí mọ ìyẹn.

Láti oṣù kẹwàá ni iná àdúgbò wa ti ń lọ sílẹ̀ lálẹ́. Gílóòbù á kàn máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Fírísà á dún "kák," á kùn fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á tún dún "kák," á dákẹ́ fẹ́ẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ lálaalẹ́, mo rò pé bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ irú ìró yẹn lónìí, ẹ dìde nísinsìnyí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó ṣí ike kékeré tó wà lára kọ̀mpúrẹ́sọ̀, irin tín-ín-rín mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó fi ẹnu méjèèjì mítà tó fi ń wọn iná kan irin méjì, nọ́ńbà jáde. Ó kan méjì mìíràn, nọ́ńbà tún jáde. Ó ní kò burú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó wá fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà dúdú kúrò lára kọ̀mpúrẹ́sọ̀ títí irin fi funfun, ó fi ẹnu mítà kan síbẹ̀, ó fi èkejì kan ọ̀kan nínú irin mẹ́ta yẹn. Nọ́ńbà jáde. Ó mi orí. "Ìyá ẹlẹ́ja, ibí yìí ni kò yẹ kó ti ka nǹkan kan. Wáyà inú rẹ̀ ti jóná, ó ti kan ara." Ó fi mítà kan náà bọ ojú iná ara ògiri, kó lè mọ bí iná ṣe lágbára tó: fóòtì 158. Ó ní ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 230. Tí iná bá kéré báyẹn, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kò ní lágbára tó máa fi gbéra, á kàn máa fà á, á máa gbóná, títí á fi jó. Ó sì ṣe ohun kan tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ títí dòní: ó kọ̀, kò tú u. Ó ní, "Ẹ ní wáráǹtì. Tí mo bá fọwọ́ kàn án kọjá ibí, wọn ò ní dá yín lóhùn mọ́."

Mo san ₦6,000 fún ọkọ̀, mo gbé fírísà lọ sí ibi ìtúnṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ́nà Ring Road. Arábìnrin tó wà níbẹ̀ gba káàdì mi, ó fi iná fóònù tan ẹ̀yìn fírísà, ó wò ó, ó tún wò ó. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Méjìlá àkọ́kọ́ bára mu. Méjì tó kẹ́yìn lára fírísà, 68. Nínú káàdì, 86.

"Màmá, a ò lè gbà á. Kì í ṣe fírísà inú káàdì yìí nìyí."

Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó kọ ọ́ ló yí i sódì." Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní gbà á, kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí fírísà dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, torí gbígbé e padà, ₦6,000 mìíràn ni.

Mo lọ sí Dùgbẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ọ̀gá wọn wà l'Ékòó. Mo padà lọ lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá ti dé, ó wo káàdì, ó ní àwọn kì í tún káàdì kọ, ilé-iṣẹ́ ló ń tún un kọ. Mo wọ máíkírà lọ sí Ring Road. Wọ́n ní àwọn kọ́ ló tà á. Mo ní kí wọ́n bá mi pe ọkùnrin yẹn lórí fóònù, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ níṣojú mi. Wọ́n ní kò sí nínú iṣẹ́ àwọn. Mo padà sí Dùgbẹ̀, mo ní kí òun náà pè wọ́n. Ó nawọ́ sí ohun tó kọ sára ògiri, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà. Ta ló ní kó gbà á padà? Òǹtẹ̀ ni mo ní kó tẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo lọ sí Dùgbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí Ring Road. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá lọ, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní títì. Àwọn oníbàárà mi ti ń ra ẹja lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo dé ilé lọ́jọ́ kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo sunkún.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, mo ń wá ohun tí màá fi tẹ́ àlùbọ́sà sí. Páálí fírísà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí mo ká a sí láti oṣù kẹrin. Bí mo ṣe fà á jáde, mo rí sítíkà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ló tẹ nọ́ńbà sí i: 68 ló parí rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ kúrò bí ẹni gé ọṣẹ. Àbúrò ọkọ mi tó mọ̀wé bá mi kọ lẹ́tà méjì, ọ̀kan sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan sí ibi ìtúnṣe. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin 2018 tó dá FCCPC sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára tó sì ṣeé lò, àti pé tí a ò bá gbọ́ nǹkan kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀dọ̀ FCCPC la ń lọ. Ọ̀gá Dùgbẹ̀ ka tirẹ̀ tán, ó mú bírò, ó kọ nọ́ńbà tó tọ́ sẹ́yìn rìsíìtì mi, ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún! Mo gbé ègé páálí yẹn síwájú mánéjà ní Ring Road, mo ní, "Ẹ kà á sókè, ẹ jọ̀ọ́." Ó kà á. Inú mi dùn bíi pé mo borí ní kóòtù.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun dé láti Èkó, wọ́n sì fi í sí i. Mo rò pé ó ti parí, àfi bí wọ́n ṣe gbé bíìlì ₦22,000 fún mi: owó gáàsì inú fírísà àti owó iṣẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn káàdì, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé ẹ̀yà ara nìkan ni wáráǹtì kárí. Mo san án.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí bóyá ọjà olówó pọ́ọ́kú yẹ ní rírà, màá ro owó fún yín: ẹja ₦71,000, gáàsì àti iṣẹ́ ₦22,000, ọkọ̀ fírísà lálọ lábọ̀ ₦12,000, ọkọ̀ tèmi ₦9,400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦114,400, èmi tí mo rò pé mo jèrè ₦77,000. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má rà á. Obìnrin tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ra èyí tó lórúkọ, iná kan náà la jọ ń lò, tirẹ̀ kò jó torí pé sítébíláísà, ẹ̀rọ tó ń gbé iná tó bá lọ sílẹ̀ sókè, wà níbẹ̀. Ká ní mo ti yọ ₦24,000 kúrò nínú ₦77,000 yẹn láti ra sítébíláísà lọ́jọ́ kan náà, bóyá mi ò bá má mọ ọ̀nà Ring Road. Mo ti rà á báyìí. Tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbé e fún fírísà.

Ti bùlẹ́ńdà, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́túlù ni kẹ́ ẹ má tilẹ̀ bèèrè wáráǹtì rẹ̀. Owó ọkọ̀ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òmíràn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun ńlá, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe kẹ́ ẹ tó sanwó, tó bá jẹ́ Èkó nìkan, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti inú káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà bí ẹni tó ń tajà bá ń kanjú. Ẹ má sọ páálí nù.

Fírísà náà ń ṣiṣẹ́. Mo fi káàdì, rìsíìtì àti ègé páálí yẹn sínú ọ̀rá kan, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ₦22,000 yẹn ṣì ń dùn mí, mo sì ti ní kí àbúrò ọkọ mi bá mi kọ lẹ́tà kẹta.