Bí Ọmọ Mi Ṣe Yege Ìṣirò WAEC Lẹ́yìn Tí Ilé Lẹ́sìnnì Ti Jẹ Owó Mi

Náírà 15,000 ni mò ń san lóṣooṣù fún ilé lẹ́sìnnì kan nílùú Ìbàdàn níbí, láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti wọ SS2. Owó ìwé lọ́tọ̀, owó mọ́ọ̀kì lọ́tọ̀, owó jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ojúmọmọ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Èsì WAEC jáde lóṣù kẹjọ. Èdè Òyìnbó, C5. Economics, B3. Ìṣirò, F9. Accounting ló sì fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Ta ló máa gbà á síbẹ̀ láìní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò?

Mo lọ bá ọ̀gá ilé lẹ́sìnnì náà. Kò tiẹ̀ ní kí n jókòó. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú o, orí ọmọ yín ni ò gba ìṣirò.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí mo bá lè wá owó díẹ̀ sí i, òun mọ míráàkù sẹ́ńtà kan tí wọ́n á ti bá a ṣe é, kò ní rí wàhálà kankan. Mi ò dá a lóhùn. Bí mo bá lanu lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ì bá di ti ọlọ́pàá.

Orí ọmọ mi ò gba ìṣirò! Ọmọ tó jẹ́ pé tó bá dúró fún mi nísọ̀ ní Bódìjà, tí oníbàárà ní kó wọn kóńgò mẹ́ta àbọ̀ ẹ̀wà olóyin, kí onítọ̀hún tó tọwọ́ bọ àpò, á ti sọ iye tó máa gbà àti ṣéńjì tó máa fún un. Mo ti lọ wo kíláàsì wọn rí o. Àwọn ọmọ há síbẹ̀ bí ẹja inú agolo, tíṣà kọ̀yìn sí wọn, ó ń da past question sójú pátákó. Tó bá parí ọ̀kan á ní, “Ṣó yé yín?” Wọ́n á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà!” Á nu pátákó. Ibẹ̀ ni owó ẹ̀wà mi ń lọ.

Bí mo ṣe rí Bàbá Tíṣà ò gba àlàyé púpọ̀. Oníbàárà mi kan ló júwe rẹ̀ fún mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò ní sáínbọ́ọ̀dù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀, owó tó sì pè ò tó ìdajì èyí tí mò ń san tẹ́lẹ̀. Fọ́ọ̀mù GCE òpin ọdún náà, ìyẹn WAEC tí ẹni tí kò sí níléèwé mọ́ lè ṣe, mo ti rà á. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà káfẹ̀ lè ṣe ìyẹn.

Ohun tí Bàbá kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe owó. Ó ní ká kó gbogbo ìwé ìṣirò ọmọ náà wá, títí kan èyí tó lò ní JSS1. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì kó wọn dànù. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń ṣí wọn ní ìkọ̀ọ̀kan. Kò wo ibi tí wọ́n ti fún un ní máàkì rárá. Àwọn ìdáhùn tí wọ́n fa ìlà pupa sí ló ń kà, á kà á tán, á padà sẹ́yìn, á tún un kà. Ó pẹ́ kó tó fi ìka tẹ ibì kan, ó ní kí n wò ó. Ọmọ mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé 1/2 + 1/3 = 2/5. Ó ro ti òkè mọ́ ti òkè, ó ro ti ìsàlẹ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Bàbá ṣí ìwé SS3, ohun kan náà ló wà níbẹ̀, x àti y ló kàn rọ́pò nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Gbogbo tíṣà tó ti di ìwé yẹn mú láti ọdún yìí wá ló fa ìlà pupa sí i. Kò sẹ́nì kan tó bi í pé, “Báwo lo ṣe rí i?”

Inú mi dùn. Mo rò pé wọ́n á tún ìyẹn ṣe ní wéré, wọ́n á sì kọjá sí ìṣirò gidi.

Irọ́ ni. Ìdá ni wọ́n ṣe, ìdá, ìdá, ìdá. Mo délé lálẹ́ mo bi í pé kí ni Bàbá kọ́ ọ, ó ní ìdá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdá. Ìdánwò ń bọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe logarithm, ti èmi ń ṣe iṣẹ́ ọmọ Pámárì. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ti ìsọ̀ lọ bá Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ìbínú, mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, past question ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá Oníẹ̀wà, jókòó ná.” Kóńgò ló wà níwájú wọn, àti agolo mílíìkì, àti ẹ̀wà. Ó sọ fún ọmọ mi pé, “Ìdajì kóńgò wà nílẹ̀. O bu ìdá kan nínú mẹ́ta kóńgò kún un. O ní gbogbo rẹ̀ di ìdá méjì nínú márùn-ún. Ìdajì tó o fi bẹ̀rẹ̀ àti ìdá méjì nínú márùn-ún, èwo ló pọ̀ jù?” Ọmọ mi dákẹ́. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó wò mí, ó wo ẹ̀wà, ó wá pariwo pé, “Ìdajì ló pọ̀ jù! Háà, Bàbá, mo bu ẹ̀wà kún ẹ̀wà, ẹ̀wà wá dín kù!” Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà ò mọ̀gbà tí mo rẹ́rìn-ín.

Bàbá ò sọ ìdáhùn fún un o. Ó ní ká gbà pé agolo mẹ́fà ló kún kóńgò kan. (Kì í ṣe iye tá à ń wọ̀n lọ́jà nìyẹn, àmọ́ mo pa ẹnu mọ́.) Ó ní agolo mélòó ni ìdajì? Mẹ́ta. Mélòó ni ìdá kan nínú mẹ́ta? Méjì. Ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ márùn-ún nínú mẹ́fà. Bàbá ní, “Kí ló dé tá a fi mú agolo mẹ́fà, tá ò mú márùn-ún?” Ó ronú títí, ó ní torí pé mẹ́fà ṣe é pín sí méjì, ó sì ṣe é pín sí mẹ́ta. L.C.M. nìyẹn. Láti JSS1 lọmọ yìí ti ń ka L.C.M. lórí bí orin, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Síbẹ̀, wọn ò kúrò níbẹ̀! Àyọkúrò ìdá, ìsọdipúpọ̀, pínpín, ká tó wá dé èyí tó ní x nísàlẹ̀. Nígbà tí mo tún kùn, Bàbá ní kí n mú past question tí mò ń pariwo rẹ̀ wá. Ó mú pẹ́ńsù, ó ń fàmì sí gbogbo ibi tí ìdá wà: probability, variation, ìdọ́gba tó ní x, sine àti cosine. Ojú ìwé náà kún fún àmì. Mo gbà fún un lọ́jọ́ náà. Àmọ́ títí dòní, mo ṣì rò pé ó lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan kan wà tí mo ṣàkíyèsí lára bàbá yìí. Kì í béèrè pé “Ṣó yé ẹ?” Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n.” Bí ọmọ náà bá gbà á, á ní, “Báwo lo ṣe mọ̀?” Bó bá sì kùnà, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà. Kò sí bó ṣe lè wo ojú Bàbá mọ̀ bóyá òun gbà á, àfi kó padà sínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, Òyìnbó ni ọmọ mi fi ń ṣàlàyé, gbólóhùn inú ìwé ló ń tú jáde. Bàbá ní kó fi Yorùbá sọ ọ́, ibẹ̀ la ti mọ ibi tó ti ń ṣì í. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun ń kọ́ṣẹ́ tíṣà lòun ti gbọ́ nípa ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí Òyìnbó jẹ́ iṣẹ́ kan lásán láàárín iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi Òyìnbó kọ́.

Ìyókù ò le. Logarithm, circle theorem, statistics, gbogbo rẹ̀ ń wọlé wọ̀ọ́rọ̀wọ́. Ó kù díẹ̀ kí ìdánwò dé ni wọ́n tó ṣe past question tọkàntọkàn. Ẹ gbọ́ èyí tó bí mi nínú: ìgbà yẹn ni ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí ìwé ìdánwò náà ṣe rí. Ìbéèrè 50 ló wà ní apá àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n á mú ìdáhùn látinú A sí D. Apá kejì ní ìbéèrè 13: márùn-ún àkọ́kọ́ pọn dandan, kí wọ́n wá mú márùn-ún nínú mẹ́jọ tó kù. Lóṣù karùn-ún, ṣe ni ọmọ mi ń ṣe gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bọ̀ láti òkè, àkókò sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbogbo owó tí mo san ní ilé lẹ́sìnnì, ẹnì kan ò ráyè sọ ìyẹn fún un! Bàbá ní kó ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tán kó tó mú èyíkéyìí.

B3 ló gbà. Mo pariwo débi pé àwọn aládùúgbò rò pé olè ló wọlé. Mo gbé ẹ̀wà lọ fún Bàbá, ó ní ó pọ̀ jù, mo gbé e síbẹ̀ mo sá lọ.

Kò pẹ́ tí ilé lẹ́sìnnì fi pè mí. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́, àwọn fẹ́ fi sára bánà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó yege. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá owó jẹnẹrétọ̀ mi padà.

Ẹni tó bá fẹ́ wá tíṣà fún ọmọ, kó lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì kó tó sanwó, kó fetí sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù. Bó bá jẹ́ tíṣà nìkan ni, ẹ gbé owó yín lọ síbòmíì. Ẹ má sì ta ìwé àtijọ́ ọmọ yín fún alákàrà.

Àbúrò rẹ̀ tó wà ní JSS2 ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá báyìí. Ìdá ni wọ́n ń ṣe láti ìgbà tó ti débẹ̀. Mi ò tíì sọ nǹkan kan.