Bí a ṣe ń tú híìmù Yorùbá palẹ̀: ìwọ̀n ìlà, ráìmù àti àwítúnwí

Ẹ̀yin tẹ́ẹ wà ní kọ́yà l'Ábẹ́òkúta, yálà Aké lẹ ti ń kọrin ni o tàbí Ìjayè, ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ ká tú ẹsẹ híìmù kan wò. Mo kàn hun eléyìí fún àpẹẹrẹ ni, ẹ má wá a nínú ìwé orin:

Olúwa, mo wá sọ́dọ̀ rẹ,
Gbà mí lọ́wọ́ ìjì;
Olúwa, mo dúró tì ọ́,
Má jẹ́ kí n ṣubú.

Ẹ kọ́kọ́ ka sílébù. Ẹ máa fọwọ́ gbá tábìlì bẹ́ẹ ṣe ń pè é: O-lú-wa-mo-wá-sọ́-dọ̀-rẹ, 8 nìyẹn, ìlà kejì 6, ẹ̀kẹta 8, ẹ̀kẹrin 6. Òun ni 8.6.8.6 tí wọ́n ń kọ sórí orin, àwọn míì á kọ C.M., ìyẹn Common Metre, orúkọ tí wọ́n ń pe ìwọ̀n ìlà yìí. "N" inú "kí n" yẹn sílébù kan ni o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í kà. Tẹ́ẹ bá sì tú "sọ́dọ̀" sí "sí ọ̀dọ̀", ìlà yẹn á di 9, ohùn orin ò ní gbà á mọ́, ìdí nìyẹn táwọn tó ń kọ híìmù fi máa ń sún ọ̀rọ̀ kì.

Ráìmù, ìyẹn kí ìparí ìlà dún bákan náà, ńkọ́? Rẹ, ìjì, ọ́, ṣubú, kò séyìí tó jọra. Ẹ kọ "kò sí", kẹ́ẹ kọjá. Èmi ò kà á sí àbùkù, fáwẹ̀lì ló ń parí ọ̀rọ̀ wa, ìparí tó jọra ti pọ̀ jù fún wa, kì í fi bẹ́ẹ̀ ta etí.

Àwítúnwí gan-an ni kẹ́ẹ jókòó tì. Ẹ fàlà sábẹ́ "Olúwa, mo" níbi méjèèjì tó wà, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ wo ohun tó yí padà lẹ́yìn ẹ̀: "wá" ti di "dúró". Ẹni tó ń sá bọ̀ ti dé, kò sì lọ mọ́. Ìlà kejì àti ìkẹrin náà, ẹ̀bẹ̀ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n ìta ni ìjì ti ń bọ̀, ìṣubú sì rèé, ẹsẹ̀ onítọ̀hún fúnra ẹ̀ ni. Irú ìyípadà yìí ni kẹ́ẹ kọ nípa ẹ̀ dáadáa.

Ó ku ohùn. Ẹ kọ dò-re-mí sórí sílébù kọ̀ọ̀kan, "Gbà mí lọ́wọ́ ìjì" á jẹ́ dò mí mí mí dò dò, kẹ́ẹ wá fi wé bí orin ṣe ń gòkè tó ń sọ̀. Ọ̀pọ̀ ohùn tó ti ìlú òyìnbó wá ló máa ń lọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ́rùn, ẹ̀ẹ́ kàn gbọ́ tí ọkọ́ ń di ọkọ̀. Kẹ́ẹ tún wá orin Canon J. J. Ransome-Kuti gbọ́, ọmọ Ẹ̀gbá tó gba orin ìyìn Yorùbá sórí àwo ní London ní 1922, kẹ́ẹ máa sàmì síbi tí ohùn ti bá ọ̀rọ̀ rìn.