Bí A Ṣe Ń Fi Kíkọ Ọ̀rọ̀ Ìpolówó Ṣiṣẹ́ Ṣe láti Ògbómọ̀ṣọ́

Akọ̀wé ìpolówó ni ẹni tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí oníṣòwò, ilé-iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé fi ń pe àwọn ènìyàn sí ohun tí wọ́n ní: ọ̀rọ̀ inú ìpolówó orí rédíò, ọ̀rọ̀ ara pátákó ẹ̀bá ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn páálí ọṣẹ, àtẹ̀jíṣẹ́ tí báńkì ń fi ránṣẹ́, àti àlàyé tí ó ń bá àwòrán ọjà rìn lórí WhatsApp. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá pàdé ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbà pé ẹni tí kò bá tíì dé Èkó kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, àti pé Gẹ̀ẹ́sì dídán ni ó gbé e ró. Lóòótọ́, Èkó ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìpolówó ńláńlá wà, ṣùgbọ́n etí ni a kọ́kọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ náà kí a tó mú kálámù, ọjà àti rédíò ìlú wa sì tó kọ́ ènìyàn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ẹ lọ sí Ọjà Takie bí ẹ bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí Ọjà Akẹ̀sán bí ẹ bá wà ní Ọ̀yọ́, kí ẹ jókòó ti ẹnìkan tí ẹ mọ̀ tí ó ń tajà, kí ẹ sì máa kọ gbogbo ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń béèrè kí wọ́n tó fi owó sílẹ̀. Ohun tí ọlọ́jà ń sọ nípa ọjà rẹ̀ lè dúró ná, nítorí kò sí ọlọ́jà tí kò ní sọ pé tòun ló dára jù. Ìbéèrè oníbàárà ni ó níye lórí, torí ibẹ̀ ni ohun tí ó ń kọ ọ́ lóminú máa ń fara hàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi èlùbọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìyá kan bá ní kí ẹ bá òun kọ ọ̀rọ̀ sára ọ̀rá tí òun ń di èlùbọ́ sí, ohun tí ọwọ́ yóò kọ́kọ́ kọ ni “Èlùbọ́ tó dára jù lọ ní Ògbómọ̀ṣọ́.” Gbólóhùn yìí kò lè ta ọjà, nítorí ìsọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè kọ ọ́ bákan náà láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ẹ wá wo ohun tí àwọn oníbàárà ń ṣe nídìí àtẹ rẹ̀: wọ́n a bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n a fi ìka méjì pa á, wọ́n a fi sí ẹnu, wọ́n a sì béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ṣé kò ní yanrìn ṣá?” Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rin ojú ọ̀nà wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ìdí ìbéèrè náà, nítorí etí títì ọlọ́dà àti orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ti ń sá iṣu tí wọ́n fẹ́ lọ̀, tí ọkọ̀ ń fẹ́ eruku lù ú, tí ewúrẹ́ sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ bi ìyá náà níbi tí ó ti ń sá tirẹ̀. Bí ó bá dáhùn pé orí pẹpẹ tí òun kàn sí ẹ̀yìnkùlé ni, ọ̀rọ̀ ìpolówó ti dé nìyẹn: “Orí pẹpẹ la ti sá a. Kò fara kan títì, kò ní yanrìn.” Òótọ́ ni, ó kúrú, ó sì fọkàn oníbàárà balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé etí títì ni ìyá náà ń sá tirẹ̀ sí, ẹ má bá a parọ́. Ẹ wá òótọ́ mìíràn nípa ọjà rẹ̀, tàbí kí ẹ gbà á níyànjú pé kí ó kan pẹpẹ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́ akọ̀wé ìpolówó, èmi sì gbà pé òun ni apá tí ó níyì jù nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti rí òótọ́ tí ẹ ó dì mú, ẹ kọ ọ́ fún ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tí ó ń gbé àdúgbò Under G fẹ́ mọ bóyá wọ́n ń ta ìwọ̀n kékeré tí owó rẹ̀ ká. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà fẹ́ mọ bóyá ọ̀rá náà kò ní já nínú àpótí. Èlùbọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ wọ́n létí kò lè jẹ́ bákan náà. Mo rọ̀ yín láti máa ṣe ìdánrawò yìí lójoojúmọ́ lórí ọjà tí ẹnikẹ́ni kò rán yín.

Lẹ́yìn ọjà, rédíò ni ó kàn. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni tí wọ́n ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ rédíò, tí wọ́n sì ń wá onígbọ̀wọ́ fúnra wọn, nílò ẹni tí yóò máa bá wọn kọ ìpolówó, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fúnra wọn kọ ọ́ kìkì nítorí pé kò sí ẹni tí ó wá bá wọn. Ẹ tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú ìpolówó kan tí ẹ ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ wọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tàbí ìṣẹ́jú kan ni ìpolówó orí rédíò sábà máa ń gbà, nítorí náà ẹ ka ohun tí ẹ kọ sókè ketekete, kí ẹ sì fi aago fóònù wọ̀n ọ́n, nítorí ojú máa ń yára ju ẹnu lọ. Ẹ rántí pé awakọ̀ tàbí ìyá tí ó ń yan gàrí ló ń gbọ́ yín, kò sí bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sàn kí a pe orúkọ ọjà lẹ́ẹ̀mẹta kí a sì júwe ìsọ̀ pẹ̀lú ibi tí gbogbo ìlú mọ̀, ju kí a máa sáré ka nọ́ńbà fóònù mẹ́ta lọ. Bí ó bá jẹ́ orin ni, kí ohùn orin tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Orin tí ó bá ń fa ohùn ìsàlẹ̀ lọ sókè yóò sọ orúkọ ọjà di nǹkan mìíràn létí àwọn tí ẹ ń polówó fún.

Àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù gba ìmọ̀ tirẹ̀. Ojú ewé àtẹ̀jíṣẹ́ kan, èyí tí a ń san owó ẹyọ kan fún, máa ń gba lẹ́tà àti àmì 160 bí ó bá jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán ni a lò, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá ti wọ inú rẹ̀, yóò já sí 70, oníbàárà yín yóò sì san owó ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ tí ó rò pé ẹyọ kan ni. Ẹ ṣàlàyé èyí fún un ṣáájú, kí ó yàn bóyá òun yóò san án, tàbí kí ẹ ṣa ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ní dàrú láìsí àmì. Ní ara ọjà àti pátákó, kò sí àwáwí: àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni kí ẹ lò, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé. Ó máa ń dùn mí gan-an láti rí pátákó olówó ńlá láàrin ìlú Yorùbá tí wọ́n kọ Yorùbá orí rẹ̀ ní ìkọkúkọ. Ẹni tí ó bá lè kọ ọ́ dáadáa ní ohun tí ó lè tà fún ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn àti Èkó.

Ẹ wá ayàwòrán kan tí ẹ ó jọ máa ṣiṣẹ́. Ní New York, ilé-iṣẹ́ ìpolówó tí Bill Bernbach àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1949 ni ó sọ ọ́ di àṣà pé kí akọ̀wé àti ayàwòrán jọ jókòó ronú láti ìbẹ̀rẹ̀, dípò kí akọ̀wé kọ tirẹ̀ tán kí ó tó gbé e fún ẹnì kejì. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ àwòrán lórí kọ̀ǹpútà pọ̀ ní àyíká LAUTECH, ọ̀pọ̀ wọn sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ọ̀rọ̀.

Òfin náà ṣe pàtàkì. Àjọ ARCON, tí òfin ọdún 2022 fi rọ́pò APCON, ni ó ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yẹ ìpolówó wò kó tó jáde sí gbangba. Ìpolówó oúnjẹ àti oògùn tún wà lábẹ́ NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn. Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ kọ ọ́ pé àgbo òun ń wo gbogbo àrùn sàn, ẹ kọ̀ ọ́ fún un, bí owó náà ti wù kó pọ̀ tó, nítorí aláìsàn lè tìtorí gbólóhùn yín pa ilé ìwòsàn tì.

Nínú àkójọ iṣẹ́ tí ẹ ó máa fi han àwọn ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ mẹ́fà tí ó dára sàn ju ogún lọ. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìṣòro tí ọlọ́jà ní, ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà, àti ìdí tí ẹ fi yan gbólóhùn tí ẹ yàn. Bí kò bá tíì sí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún yín, ẹ lo àwọn ìdánrawò yín, kí ẹ sì sọ ní kedere pé ìdánrawò ni wọ́n.

Ní ti owó, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kódà bí ó jẹ́ lórí WhatsApp: ohun tí ẹ ó kọ, ọjọ́ tí yóò parí, iye ìgbà tí ẹ ó ṣe àtúnṣe, ẹni tí yóò ni ọ̀rọ̀ náà, àti ìdajì owó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè ṣòro láti béèrè ìdajì lọ́wọ́ àgbà tí ó ń pè yín ní ọmọ òun. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n ẹ gbà á. Lẹ́yìn oṣù kan tí ìpolówó bá ti jáde, ẹ padà lọ bá ọlọ́jà náà, kí ẹ béèrè bóyá àwọn tí ń wá ń mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, kí ẹ sì ṣàkọsílẹ̀ ohun tí ó bá sọ sí abẹ́ iṣẹ́ náà nínú àkójọ yín.