Kíkó àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wọ yàrá ààbò ní Tel Aviv

Bí fèrè ìkìlọ̀ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ bá dún ní Tel Aviv, ní Ísírẹ́lì, ìṣẹ́jú àáyá 90 lẹ ní láti wọ yàrá ààbò. Ní Sderot, lẹ́bàá Gásà, 15 péré ni. Ẹ má wá bàtà kiri! Ibẹ̀ gan-an ni àkókò ń bá lọ: ọmọ ọdún mẹ́rin á jókòó sílẹ̀, á máa fa okùn bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni kí wọ́n fi lọ. Ẹ ti tẹ́ ẹní síbẹ̀ ṣáájú, kí omi àti póò wà níkàlẹ̀. Olùkọ́ kan á ṣíwájú, èkejì á kẹ́yìn pẹ̀lú ìwé orúkọ, á ka àwọn ọmọ kó tó ti ilẹ̀kùn. Orin kan náà ni kí ẹ máa kọ lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ìró ìbúgbàù bá dún, ẹ má sọ pé ààrá ló ń sán. Ọmọ tó bá mọ̀ pé irọ́ ni kò ní gbà yín gbọ́ mọ́.