Fáńdéṣọ̀n tó máa bo ojú aláwọ̀ méjì

Ẹ má dán fáńdéṣọ̀n, ìyẹn ìpara tó ń mú kí àwọ̀ ojú dọ́gba, wò lẹ́yìn ọwọ́ mọ́ o, etí àgbọ̀n ni kẹ́ ẹ fi sí, kẹ́ ẹ wá jáde síta wò ó nínú oòrùn, torí iná inú àwọn ṣọ́ọ̀bù ọjà Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta máa ń tanni jẹ gan-an, ẹ sì dúró bí ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó sanwó, òmíì máa ń dúdú sí i tó bá gbẹ. Tí awọ ojú bá ń pọ́n láwọn ibì kan, ẹ kọ́kọ́ fi kọrẹ́kítọ̀ (ìpara aláwọ̀ tí wọ́n fi ń pa àbàwọ́n ojú kí wọ́n tó fi fáńdéṣọ̀n lé e) aláwọ̀ ewé díẹ̀ tẹ ibẹ̀, àwọ̀ ewé ló ń pa pupa, àmọ́ àwọn apọ́nbéporẹ́ nìyẹn wà fún, àwa adúmáadán á kàn dà bí ẹni tó fi eérú pajú ni. Àpá dúdú tiwa, kọrẹ́kítọ̀ aláwọ̀ ọsàn ló ń bò ó. Ojú tó ń bó tàbí tó ń yún ṣá, kò sí èyí tó máa bò ó, ẹ lọ rí dókítà awọ.