Bí a ṣe ń bọ́ erè tí a ń sìn nílé láìséwu

Ejò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni erè kékeré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ball python, nítorí pé ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ roboto nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní royal python. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Ó wà ní Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, àwọn ará ìlú Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀ sì kọ́ tẹ́ńpìlì fún un, wọn kì í pa á. Kò ní oró rárá. Ńṣe ni ó máa ń wé mọ́ ẹran, tí yóò sì fún un pa. Nínú igbó, inú ihò eku àti inú ọ̀gán ni ó máa ń sá sí lọ́sàn-án, alẹ́ ni ó sì máa ń jáde wá oúnjẹ. Ẹni tí ó bá ń sìn ín nínú àpótí oníngíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibi tí ó ṣókùnkùn, tí ó há, tí ó sì dákẹ́ rọ́rọ́ nìkan ni ọkàn ejò yìí ti máa ń balẹ̀ tó láti jẹun.

Ìbéèrè tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra erè máa ń kọ́kọ́ bi mí ni ibi tí ó yẹ kí ó ti jẹun. Ẹni tí ó ta tèmi fún mi sọ pé kí n máa gbé e sínú ike mìíràn ní ọjọ́ oúnjẹ, nítorí pé bí ó bá ń jẹun nínú ilé rẹ̀, yóò máa rò pé oúnjẹ ni gbogbo ọwọ́ tí ó bá wọlé tọ̀ ọ́. Mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn náà fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Ní ọjọ́ kan tí ó gbé eku mì tán, tí mo sì fẹ́ dá a padà sílé, ó yí orí padà, ó sì bù mí ṣán ní ọrùn ọwọ́. Òórùn eku ṣì wà nínú ike náà, ó wà ní ọwọ́ mi pẹ̀lú, ara ejò náà kò sì tíì kúrò lórí ọdẹ. Ìyẹn nìkan kọ́, nítorí nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo bá eku náà nílẹ̀ àpótí, ó ti bì í, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo yàrá. Gbígbé tí mo gbé e kiri pẹ̀lú ikùn kíkún ni ó fa èyí.

Láti ìgbà náà, inú ilé rẹ̀ ni ó ti ń jẹun, òun ni mo sì máa ń gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe. Ohun tí ẹni tí ó tà á fún mi ń bẹ̀rù kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó rọrùn jù ú lọ wà láti dènà rẹ̀. Ẹ wá ọ̀pá onírin tí orí rẹ̀ tẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé ejò náà, tí kì í ṣe ọjọ́ oúnjẹ, ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá náà kan ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ àpótí. Ní ọjọ́ oúnjẹ, ẹ má ṣe fi kàn án rárá. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ọ̀pá yóò di àmì fún un pé kò sí oúnjẹ lónìí. Bí èèpo àgbọn tàbí èérún igi ni ẹ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí, ẹ gbé àwo pẹlẹbẹ tàbí pákó kékeré síwájú ibi tí ó máa ń sá pamọ́ sí, kí ó má baà gbé èérún mì pọ̀ mọ́ ẹran. Bí ẹ bá sì ní ju ejò kan lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí méjì jẹun pa pọ̀ láéláé, nítorí pé méjèèjì lè di eku kan náà mú, kí ọ̀kan sì gbé èkejì mì mọ́ ọn.

Ilé náà gbọ́dọ̀ gbóná tó. Erè kò lè mú ooru jáde láti inú ara rẹ̀ bí àwa èèyàn, ooru tí ó bá sì rí gbà láti ìta ni yóò fi da oúnjẹ. Kí apá kan àpótí máa wà ní nǹkan bí 31°C sí 33°C, kí apá kejì sì tutù díẹ̀, bíi 25°C, kí ó lè yàn fúnra rẹ̀. Ẹ fi tẹmómítà wò ó kí ẹ tó yọ eku jáde kúrò nínú fíríìsà. Bí iná bá lọ, ẹ sún oúnjẹ síwájú.

Eku tí ó ti kú ni kí ẹ máa fún un. Àwọn kan gbà pé fífún un ní eku ààyè ni ó bá ìṣẹ̀dá rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n nínú igbó, eku ní ibi tí yóò sá gbà, ejò náà sì ní ibi tí yóò sá sí. Nínú àpótí, àwọn méjèèjì há mọ́ra wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń gé nǹkan jẹ, ejò tí kò fẹ́ jẹun sì lè wà ní ìkáwọ́ eku tí ebi ń pa títí eku náà yóò fi gé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ dé egungun. Fún ìwọ̀n rẹ̀, kí ibi tí eku náà ti sanra jù má ṣe ju ibi tí ejò náà ti sanra jù lọ. Ọmọ erè lè jẹ ohun tí ó tó ìdá mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún sí méje síra; èyí tí ó wọn 500 gíráàmù lè jẹ eku 40 sí 50 gíráàmù ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì; àgbà tí ara rẹ̀ ti kún kò nílò ju ẹyọ kan lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ erè tí mo ń rí ní ilé àwọn èèyàn ti sanra jù, nítorí pé inú olówó rẹ̀ ń dùn láti máa rí i tí ó ń jẹun.

Ẹ yọ eku náà kúrò nínú fíríìsà ní alẹ́ tí ó ṣáájú, kí ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sí ìsàlẹ̀ fìríìjì, jìnnà sí oúnjẹ yín, kí yìnyín lè yọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí ó jẹun, ẹ ri ọ̀rá náà bọ omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà, kí ẹ sì tẹ ikùn eku náà wò: bí ohun tí ó le tí ó sì tutù bá wà nínú rẹ̀, kò tíì yá. Ẹ má ṣe gbé e sínú microwave, nítorí yóò sè ní apá kan, ikùn rẹ̀ sì lè bẹ́. Ihò wínníwínní wà ní ètè òkè erè tí ó fi ń mọ ooru ara ẹran nínú òkùnkùn. Nítorí náà, kí orí eku náà gbóná tó nǹkan bí 38°C, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ejò náà lè máa wò ó bí òkúta.

Ẹ nu eku náà gbẹ, ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì fi ẹ̀mú gígùn, tí ó tó 30 sẹ̀ǹtímítà ó kéré tán, di ìdí rẹ̀ mú, kí orí rẹ̀ lè kọjú sí ejò. Ẹ mì í díẹ̀ ní ìtòsí ẹnu ihò rẹ̀. Ẹ ó rí i tí ahọ́n rẹ̀ ń yọ wá, tí ó ń padà sẹ́nu, lẹ́yìn náà ọrùn rẹ̀ yóò ká kò, yóò dúró gbagidi, àfi gbì! yóò ti fò mọ́ ọn, ara rẹ̀ yóò sì ti wé e lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ tú ẹ̀mú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ pa àpótí dé, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó tú okùn ara rẹ̀, kí ó wá orí eku rí, kí àgbọ̀n rẹ̀ apá ọ̀tún àti tòsì sì máa wọ́ ọ wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbé e mì tán, yóò ya ẹnu gbàgà bí ẹni tí ó ń yán, kí àgbọ̀n náà lè padà sí ipò rẹ̀.

Ẹ má ṣe gbé e fún wákàtí 48 ó kéré tán. Bí ó bá bì í, ẹ yẹ ooru àpótí wò, ẹ fún un ní omi, ẹ má sì fún un ní oúnjẹ fún ọjọ́ 10 sí 14, lẹ́yìn náà kí ẹ fi eku kékeré bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó bá bì léraléra, dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Bí ó bá ṣèèṣì di ọwọ́ yín mú, ẹ má ṣe fà á, nítorí pé eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, fífà yóò ya ẹran ara yín, yóò sì kán eyín rẹ̀. Ẹ da omi tútù sí i lórí, yóò tú u sílẹ̀. Ẹ wá fi ọṣẹ fọ ojú egbò náà dáadáa. Ọṣẹ yìí kan náà ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan eku tàbí ejò. Dídì inú fíríìsà kì í pa kòkòrò àrùn Salmonella, nítorí náà ẹ ya ike àti ẹ̀mú sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí, ẹ má fọ̀ wọ́n níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún dé ìdí rẹ̀.

Nígbà mìíràn kò ní jẹ. Bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bí ẹni pé ìkùukùu bò ó, ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi bọ́ ọ tán. Akọ lè kọ oúnjẹ fún oṣù mélòó kan ní àkókò tí ó máa ń gun abo, abo tí ó ká mọ́ ẹyin nínú igbó náà máa ń wà láìjẹun fún nǹkan bí oṣù méjì, nítorí náà ẹ má ṣe fi ipá ki eku sí i lẹ́nu. Ẹ yọ eku tí kò jẹ kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ dà á nù, ẹ má tún un dì. Ẹ wọn ejò náà lórí òṣùwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ méjì síra, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí ìwúwo rẹ̀ bá fi ju ìdá mẹ́wàá lọ dín kù, tàbí tí itọ́ tàbí ìfófòó bá ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbé e pẹ̀lú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa ejò.